Ewé Ni Ẹyẹ Náà Ń Wá: Àkọsílẹ̀ Ìṣẹ̀lẹ̀ Láti Erékùṣù Kékeré Kan

Lọ́dún 1968, ẹyẹ kan wà tí gbogbo irú rẹ̀ tó kù láyé kò tó 30. Kò sí òmíràn nínú igbó mìíràn, kò sí òmíràn lórílẹ̀-èdè mìíràn. Gbogbo wọn ló wà lórí erékùṣù kan ṣoṣo nínú Òkun Íńdíà, tí kò ju hẹ́kítà 29 lọ. Ẹni tó bá jí rìn létí omi yóò yí erékùṣù náà ká kí oòrùn tó mú.

N kò ní dárúkọ erékùṣù náà, n kò sì ní dárúkọ ẹyẹ náà. Kì í ṣe àṣírí. Ẹni tó bá wà nídìí iṣẹ́ yìí yóò ti mọ̀ ọ́n kó tó kà á dé ìdajì. Ohun tí mo ti kíyè sí ni pé tí a bá ti dárúkọ rẹ̀, kíá làwọn èèyàn á ní, "Áà, èyí tó yọrí sí rere yẹn," wọ́n á sì fò lọ síbi ìparí. Ìparí rẹ̀ kọ́ ló kàn mí. Àwọn oríta tó wà lójú ọ̀nà ni mo fẹ́ ká dúró sí, níbi tí ọwọ́ ì bá ti yà sí òdì.

Bí nǹkan ṣe rí nígbà náà

Ẹyẹ kékeré ni, ìwọ̀n rẹ̀ kò ju nǹkan bíi gíráàmù 15 lọ. Àwọ̀ rẹ̀ dà bíi ti ewé tó ti fẹ́ máa gbẹ. Kò ní ìrù gígùn, kò ní ṣónṣó lórí, kò sẹ́ni tó máa tìtorí ẹwà rẹ̀ wọkọ̀ òkun. Kòkòrò ló ń jẹ, àmọ́ kì í lé kòkòrò kiri nínú afẹ́fẹ́, kì í sì í tú ilẹ̀ wá a. Ẹ̀yìn ewé ló ti ń ṣà wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Díẹ̀ ló kù kí gbogbo oúnjẹ rẹ̀ máa tibẹ̀ wá. Ẹyin kan ṣoṣo ni abo rẹ̀ sábà máa ń yé lẹ́ẹ̀kan, àwọn òbí á sì tún máa bọ́ ọmọ náà fún bí oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tó bá ti kúrò nínú ìtẹ́. Ẹyẹ tó ń bí díẹ̀, tó sì ń pẹ́ láyé, kì í tètè run níbi tí ilé rẹ̀ bá ti wà. Níbi tí ilé bá ti wó, kì í tètè gbérí.

Ilé tirẹ̀ ti wó. Àgbọn ló wó o. Wọ́n ti gé igbó erékùṣù náà láti fi gbin àgbọn, nítorí àgbọn gbígbẹ tí wọ́n ń fún òróró rẹ̀ lọ́jà nígbà náà. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe àwọn erékùṣù tó wà láyìíká. Ẹyẹ yìí ti gbé lórí àwọn mìíràn nínú wọn rí, ó sì ti pòórá níbẹ̀. Oríire kan ṣoṣo ló bá a lórí èyí tó kù sí: eku kò débẹ̀ rí, ológbò kò débẹ̀ rí. Bí eku bá ti bá ọkọ̀ ojú omi kan ṣoṣo wọlé, n kò rò pé à bá ní nǹkan kan láti kọ lónìí.

Ẹ wo ewé àgbọn dáadáa nígbà tí ẹ bá tún rí i. Ó le, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń dán. Ibo ni kòkòrò fẹ́ sá pamọ́ sí lára rẹ̀? Ẹni tó ń wo erékùṣù náà látinú ọkọ̀ yóò sọ pé igbó ni, nítorí ó tutù minimini láti òkè dé ilẹ̀. Lójú ẹyẹ tiwa, aṣálẹ̀ ni. Mo ti rí àwọn ìròyìn iṣẹ́ tó pọ̀ tí wọ́n ti kọ "igbó ṣì wà" síbi tí ohun kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé.

Oríta àkọ́kọ́: àgò tàbí àdá

Lọ́dún 1968 yẹn kan náà, àjọ àgbáyé kan tó ń dáàbò bo ẹyẹ dá owó jọ lọ́wọ́ àwọn aráàlú, wọ́n sì ra erékùṣù náà pátápátá. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í dúró síbi rírà yìí, ṣùgbọ́n èmi rò pé gbogbo nǹkan tó kù ló rọ̀ mọ́ ọn. Oko àgbọn ni wọ́n rà. Ká ní àdéhùn lásán ni wọ́n bá olóko ṣe, àgbọn ì bá ṣì máa wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun ìní ẹlòmíràn, gbogbo igi tí wọ́n bá sì fẹ́ gé ì bá di ẹjọ́. Ẹni tó ra oko nìkan ló lè sọ pé òun ò fẹ́ èso rẹ̀ mọ́.

Kí wá ló kàn? Nígbà tí ẹyẹ bá kù tó bẹ́ẹ̀, ohun tó máa ń wá síni lọ́kàn ni pé ká kó wọn sínú àgò, ká máa tọ́ ọmọ wọn lọ́wọ́. N kò bú ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀. Ní Mauritius, lórí òkun kan náà, àwòdì kékeré ilẹ̀ náà ku mẹ́rin péré tí a mọ̀ nínú igbó lọ́dún 1974. Títọ́ ọmọ lọ́wọ́ wà lára ohun tó gbà á là. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bi ara wa léèrè ohun tó ń ṣe ẹyẹ kí a tó lo oògùn fún un. Ẹyẹ tiwa kò ṣàìsàn. Kò yàgàn. Ó ń yé, ẹyin ń pa, ọmọ ń dàgbà. Àyè ni kò sí. Ká ní wọ́n ti kó o sínú àgò, tó bí ọgọ́rùn-ún ọmọ, ibo ni wọ́n fẹ́ tú wọn sí? Sáàárín àgbọn?

Nítorí náà, iṣẹ́ àdá ni wọ́n yàn. Àgbọn tó bá já bọ́ máa ń hù níbi tó já bọ́ sí, bí ẹnikẹ́ni kò bá sì dá a dúró, ọmọ rẹ̀ á fún pọ̀ débi pé igi mìíràn ò ní rí ìmọ́lẹ̀. Wọ́n ń hú àwọn ọmọ àgbọn yìí kúrò, wọ́n ń padà wá hú àwọn tó tún hù. Wọn kò sáré gbin igi kankan síbẹ̀. Wọ́n fi àyè sílẹ̀ kí àwọn igi ilẹ̀ náà fúnra wọn jí dìde: àwọn igi ọ̀pọ̀tọ́ ibẹ̀, Morinda citrifolia tí í ṣe ìbátan òrúwọ́, àti èyí tó ṣe pàtàkì jù, Pisonia grandis.

A máa ń sọ pé igi kan kì í dá igbó ṣe. Lórí erékùṣù yìí, igi kan fẹ́rẹ̀ẹ́ dá a ṣe. Ewé Pisonia fẹ̀, ó rọ̀, kòkòrò sì pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ìgbẹ́ àwọn ẹyẹ òkun tó ń tẹ́ ìtẹ́ sórí ẹ̀ka rẹ̀ ló ń sọ ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ di ọlọ́ràá. Ẹyẹ òkun bọ́ igi, igi bọ́ kòkòrò, kòkòrò bọ́ ẹyẹ kékeré.

Àmọ́ igi náà kì í ṣe ẹni mímọ́. Èso rẹ̀ ní àtè, àtè gan-an, bí èyí tí ọdẹ fi ń mú ẹyẹ. Tí èso bíi mélòó kan bá lẹ̀ mọ́ ìyẹ́ ẹyẹ òkun, ẹyẹ náà á gbé wọn lọ sí erékùṣù mìíràn. Bí igi náà ṣe ń rìnrìn àjò nìyẹn. Tí wọ́n bá lẹ̀ mọ́ ọn jù, apá rẹ̀ ò ní ṣí mọ́, á sì kú sábẹ́ igi tó fi ṣe ilé. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí èyí, àdá ló máa ń wá sí i lọ́wọ́. Ó yẹ kó dá àdá náà padà. Ẹyẹ òkun wọ̀nyẹn pọ̀, wọ́n sì ti bá igi náà gbé tipẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ igbó tí ohunkóhun kò ti ní kú, ọgbà òdòdó ló ń wá.

Oríta kejì: nígbà tí iye wọn dúró

Nígbà tó fi máa di ọdún 1982, ẹyẹ náà ti tó nǹkan bíi 320. Ọdún 14 péré ni, láìsí àgò, láìsí oúnjẹ tí èèyàn gbé fún wọn. Lẹ́yìn náà, iye wọn dúró.

Níbí ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ti máa ń parí. Wọ́n á kọ ìròyìn, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á kí ara wọn kú iṣẹ́. Àwọn mìíràn á dẹ́rù bà ara wọn, wọ́n á ní àrùn kan ti wọ inú wọn. Àwọn tó wà lórí erékùṣù náà kò ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì. Wọ́n jókòó, wọ́n ń wò.

Ohun tí wọ́n rí ni pé tọkọtaya kọ̀ọ̀kan ní sàkání tirẹ̀ tó ń ṣọ́, pé sàkání náà lápapọ̀ jẹ́ bíi 115, àti pé kò sí ibi tó ṣófo mọ́. Wọ́n tún rí ohun kan tó ya èèyàn lẹ́nu. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ti dàgbà tó láti ní ilé tiwọn kò kúrò lọ́dọ̀ òbí. Wọ́n ń bá wọn ṣọ́ sàkání, wọ́n ń bá wọn kọ́ ìtẹ́, wọ́n ń bọ́ àbúrò. Abo ló pọ̀ jù nínú wọn. Ta ló máa rí èyí tí kò ní sọ pé ọmọ rere ni wọ́n?

Ìbéèrè tó tọ́ ni pé: ṣé ìwà ni, àbí àìrílégbé?

Lọ́dún 1988, wọ́n kó ẹyẹ 29 lọ sí erékùṣù mìíràn tó tó bíi kìlómítà mẹ́sàn-án síbẹ̀, tí eku kò sí, tí kòkòrò sì pọ̀ ju tilé lọ. Lára àwọn tí wọ́n kó ni àwọn tó ti ní sàkání tiwọn, tí ìkólọ wọn sì fi àyè sílẹ̀. Àwọn àyè wọ̀nyí kò pẹ́ lófo rárá. Láàárín wákàtí mélòó kan, àwọn ọmọ tó ń gbé lọ́dọ̀ òbí ní àdúgbò ti gbà wọ́n. Ṣùgbọ́n wọn kì í sáré gba ohunkóhun tí wọ́n bá rí: ọmọ tó wà ní sàkání tó dára kò kúrò nílé lọ sí èyí tí kò tó ti bàbá rẹ̀. Ó dúró de èyí tó bá a dọ́gba tàbí tó jù ú lọ.

Lórí erékùṣù tuntun, ìdáhùn kejì wá. Ibẹ̀ ṣófo, ibi tó dára pọ̀ lọ jàra, kò sì sí ọmọ tó dúró ti òbí. Kálukú ń kọ́ ilé tirẹ̀. Ìgbà tí àwọn ibi tó dára tán pátá ni ìranra-ẹni-lọ́wọ́ yẹn tún yọjú. Lẹ́yìn bí ọdún mẹ́wàá, àwọn 29 yẹn ti di iye tó lé ní 1,000.

Èyí ni mo kà sí ọkàn gbogbo ìtàn náà. Iye tó dúró lójú kan kò fi hàn pé iṣẹ́ ti parí, kò sì fi hàn pé àìsàn wọlé. Ilé ló kún. Àwọn ẹyẹ fúnra wọn ti ń fi ìwà wọn sọ ọ́ fún ọdún mélòó kan kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́.

Ohun tó tún fara hàn lẹ́yìn ìyẹn ṣòro gbà gbọ́ nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á. Níbi tí kòkòrò kò pọ̀, bíi lẹ́bàá òkun níbi tí atẹ́gùn oníyọ̀ ti ń jó ewé dànù, ìpín 77 nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tí wọ́n ń bí ló jẹ́ akọ, àwọn tó máa jáde lọ wá ilé. Níbi tí kòkòrò ti pọ̀, akọ kò ju ìpín 13 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Abo ni ìyókù, àwọn tó máa dúró ṣèrànwọ́. Ìwádìí tó fi èyí hàn jáde lọ́dún 1997. Fún ẹni tó fẹ́ kó ẹyẹ láti ibì kan lọ sí ibòmíràn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìyàlẹ́nu lásán. Bó bá kó gbogbo ọmọ tó fẹ́ kó láti eteetí omi, nítorí pé ibẹ̀ ló rọrùn láti ta àwọ̀n sí, ó lè kó akọ jọ tán kó tó mọ̀.

Omi tí ẹyẹ kò fẹ́ kọjá

Ẹ ó béèrè pé kí ló dé tí wọ́n fi ní láti kó wọn. Ẹyẹ kọ́ ni? Erékùṣù kẹta, èyí tí wọ́n kó 29 mìíràn lọ lọ́dún 1990, kò ju kìlómítà 1.6 lọ sí ti àkọ́kọ́. Èèyàn ń wò ó lókèèrè. Síbẹ̀, nínú ẹyẹ tó lé ní 1,900 tí wọ́n fi òrùka sí lẹ́sẹ̀, méjì péré ni wọ́n rí tó dá omi kọjá fúnra rẹ̀. Àwọn olùwádìí wo apá wọn, wọ́n rí i pé apá náà tó o gbé wọn kọjá. Wọn kò kàn fẹ́ ni.

Mo máa ń rántí èyí nígbàkigbà tí mo bá rí máàpù tí wọ́n ti fi ìlà tó lẹ́wà so igbó méjì pọ̀, tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ pé ẹyẹ yóò máa gba ibẹ̀ kọjá. Ta ló bi ẹyẹ? Ojú ọ̀nà kan lè jẹ́ òkun fún ẹyẹ abẹ́ igbó. Fífi òrùka sí wọn lẹ́sẹ̀ àti ọ̀pọ̀ ọdún wíwò ló ń dáhùn ìbéèrè yẹn, máàpù kì í dáhùn rẹ̀.

Láti 29 sí 58

Lẹ́yìn ọdún 1990, ọdún 14 kọjá kí wọ́n tó tún kó ẹyẹ. Kì í ṣe pé wọ́n sùn. Kò sí erékùṣù tó ṣe tán. Àwọn tó kù ní eku, àgbọn sì bo wọn. Wọ́n ní láti pa eku run kúrò lórí wọn, kí wọ́n sì dá igi ilẹ̀ náà padà, iṣẹ́ tí ń gba ọdún púpọ̀ tí kì í sì í wu ẹni tó ń fowó sílẹ̀ bíi fọ́tò ẹyẹ tí wọ́n ń tú sílẹ̀ látinú àpótí. Lọ́dún 2004, wọ́n kó 58 lọ sí erékùṣù kẹrin. Lọ́dún 2011, wọ́n kó 59 lọ sí ìkarùn-ún.

Kí ló dé tí iye náà fi di ìlọ́po méjì? Nígbà tí a bá fi ojú lásán wò ó, 29 ti tó: lórí erékùṣù kejì wọ́n ti di ẹgbẹ̀rún. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, wọ́n rí i pé àwọn ibi tí ẹyẹ 29 ti bẹ̀rẹ̀ pàdánù díẹ̀ nínú onírúurú àbùdá àjogúnbá tó wà nílé, nígbà tí àwọn ibi tí 58 àti 59 ti bẹ̀rẹ̀ kò pàdánù bẹ́ẹ̀. Èyí ká ẹyẹ yìí lára ju òmíràn lọ, nítorí gbogbo wọn ló ti gba ihò abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo kọjá kí ọdún 1968 tó dé. Ohun tó ṣẹ́ kù nínú àpò kò pọ̀, ó sì yẹ kí ẹni tó ń pín in rọra pín in.

Mo gbà pé kò sẹ́ni tó lè dá àwọn tó kó 29 lọ́dún 1988 lẹ́bi. Bí ẹyẹ 29 yẹn bá kú sínú àpótí, iye tó bá wọn lọ nínú gbogbo ẹyẹ náà láyé ì bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́wàá. Ìbẹ̀rù yẹn ní ìdí. Ohun tó burú ni kí a ṣì máa kó 29 lónìí nítorí pé 29 ló wà nínú ìròyìn àtijọ́.

Ẹyẹ mìíràn, àbàtà mìíràn

Lórí erékùṣù kan ládùúgbò náà, ẹyẹ mìíràn wà tí akọ rẹ̀ dúdú, tó sì ní ìrù gígùn. Igi takamaka àti badamier tó yí àbàtà omi tútù ká ni ilé rẹ̀, nítorí kòkòrò máa ń pọ̀ níbi tí irà bá wà. Ìṣòro tirẹ̀ kì í ṣe àgbọn nìkan. Àwọn èèyàn ń gbé láàárín rẹ̀, wọ́n sì ń da iyẹ̀pẹ̀ sí irà láti kọ́lé. A kò lè ra ìlú tí èèyàn ń gbé bí ẹni ra oko. Níbẹ̀, ọ̀rọ̀ sísọ pẹ̀lú onílẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ṣiṣẹ́, pẹ̀lú ìpamọ́ kékeré kan tí wọ́n yà sọ́tọ̀. Ní ọdún 2008 wọ́n kó 23 nínú wọn lọ sí erékùṣù tí wọ́n ti tún igbó rẹ̀ ṣe, wọ́n bí níbẹ̀, nígbà tó sì di 2020, IUCN, àjọ àgbáyé tó ń sọ bí ewu ìparun ẹ̀dá kọ̀ọ̀kan ṣe pọ̀ tó, mú un kúrò nínú ipò ewu tó ga jù. Mo mẹ́nu bà á kí ẹnikẹ́ni má baà gbé iṣẹ́ àdá tí mo ròyìn lọ síbi tí iṣẹ́ ẹnu ló yẹ.

Ní ti ẹyẹ àkọ́kọ́, IUCN sún un lọ́dún 2015 sí ipò àwọn tó kàn súnmọ́ ewu. Ó ti tó nǹkan bíi 3,000 lórí erékùṣù márùn-ún. Gbogbo rẹ̀ ṣì jẹ́ erékùṣù kékeré tí eku méjì lè wọ̀ lóru kan, nítorí náà, àpótí ẹrù tó bá ń wọ ibẹ̀ ni wọ́n ń ṣí wò kí wọ́n tó gbé e kúrò lẹ́bàá omi.

Bí ẹ bá fẹ́ mú ohun kan lọ sínú igbó tiyín láti inú èyí, ohun tí àwọn olùwádìí erékùṣù náà ń ṣe lóṣooṣù ni kí ẹ mú. Wọ́n yan àwọn ibi kan, wọ́n mú irú igi tó pọ̀ jù níbẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n yí 50 ewé rẹ̀ padà, wọ́n ka kòkòrò tó wà lẹ́yìn wọn, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Kò gba ẹ̀rọ. Pẹ́ńsù àti ìwé ló gbà, àti ẹni tó máa padà lọ lóṣù tó ń bọ̀.